Àpò Àkísà Màmá

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka nǹkan tí mò ń kọ ló ti bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ àdìrẹ, ṣé YouTube ni àbí TikTok, ṣé mo lè fi línkì kíláàsì yẹn ránṣẹ́, mo sì ti ń sún ìdáhùn yẹn síwájú tipẹ́ torí pé ibi tí mo ti kọ́ ọ kò ní línkì. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, arábìnrin kan kọ̀wé sí mi pé àwọ̀ aṣọ òun ń jáde, pé gbogbo omi tóun fi fọ̀ ọ́ ló di búlúù, àwọn èèyàn sì ní kóun lọ ra fínígà kóun rẹ ẹ́ sí i mọ́jú. Bí mo ṣe rí fínígà yẹn, àyà mi já. Èmi náà ra fínígà yẹn rí, ìgò mẹ́rin gbáko. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó láti sọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí.

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ní 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé kòrónà, iléèwé aládàáni tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ò san owó oṣù mọ́, èmi náà wá jókòó sílé mò ń wo fídíò. Mo wo ọ̀kan, òmíràn bọ́ síwájú, mo tún wo ìyẹn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Obìnrin kan á tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, á ki fóòmù bọ àbẹ́là tó ti yọ́, á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ náà pà pà pà, á ri aṣọ sínú báfù, kó o tó ṣẹ́jú, kànpálà tó rẹwà ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn. Ó dà bíi pé kò le rárá. Ohun tó wà láàárín báfù àti okùn ni wọ́n gé kúrò, èmi ò sì mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ láti gé.

Mo wá san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún kíláàsì kan lórí WhatsApp. Wọ́n fún wa ní PDF, ṣíbí báyìí dáì, ṣíbí báyìí kọ́stíìkì, ṣíbí báyìí haidirósì (kẹ́míkà méjì tí wọ́n ń pò mọ́ dáì), omi báyìí, ìṣẹ́jú báyìí. Mo tẹ̀ lé e bí ẹni ń ka àdúrà, mi ò fi ṣíbí kan lé, mi ò fi kan dín. Aṣọ yẹn jáde, ó dúdú mìnìjọ̀, mo ya fọ́tò, àwọn èèyàn ń kí mi kú iṣẹ́. Láàárín oṣù méjì, aládùúgbò mi kan fún mi ní iṣẹ́ aṣọ ìkómọjáde, mẹ́wàá, yáàdì márùn-ún márùn-ún. Mo ṣe é. Wọ́n wọ̀ ọ́, ó wuyì. Ọjọ́ kejì tí wọ́n fọ̀ ọ́, aṣọ yẹn kó bá léèsì funfun ìyá ọmọ, ó kó bá ṣẹ́ẹ̀tì bàbá ọmọ, ọrùn ìyá-ìyá ọmọ pàápàá di búlúù. Obìnrin yẹn ò bú mi o. Ó kàn gbé léèsì yẹn wá, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní "Ẹ wò ó, Àǹtí," ó sì lọ. Ì bá sàn kó bú mi.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kiri. Olùkọ́ wa ní kí n fi iyọ̀ sí i. Nígbà tí mo ní mo ti fi iyọ̀ sí i, ó ní kí n fi kún un. Àwọn yòókù ní fínígà, ẹnì kan ní kí n sá a sóòrùn ọjọ́ mẹ́ta, ẹnì kan sọ pé kí n ká a sínú fírísà, mo sì ká a sínú fírísà lóòótọ́, lábẹ́ ẹja. Mo ṣe gbogbo ẹ̀ pátá. Àwọ̀ yẹn ṣì ń jáde.

Mo ti wá mọ ibi tí fínígà yẹn ti wá báyìí. Oríṣi dáì kan wà tí wọ́n fi ń rẹ òwú irun àgùntàn àti sílíìkì, ìyẹn ló ń fẹ́ nǹkan kíkan kó tó lè di aṣọ mú, ẹni tó ń rẹ irun àgùntàn ní Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba tó ní kó o fi fínígà sí i, òótọ́ ló sọ. Iyọ̀ náà ní irú dáì tó wà fún. Àmọ́ kọ́tìn lèmi ń rẹ, dáì tèmi sì jẹ́ èyí tó ń lo kọ́stíìkì àti haidirósì, kò sí ohun tó kan òun àti fínígà. Ẹnì kan ló sọ ọ́ fún irun àgùntàn, ẹlòmíì gbà á ò sọ irun àgùntàn mọ́, ẹlòmíì tún gbà á lọ́wọ́ ìyẹn, títí tọ́rọ̀ fi rìn dé Ìbàdàn tí kò sẹ́ni tó rántí aṣọ tó ń bá wí mọ́. Kò sí ẹni tó purọ́ fún mi nínú wọn. Ẹni tó ti bá a ṣẹlẹ̀ rí ni kò sí níbẹ̀.

Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Abẹ́òkúta, ni mo ti pàdé Màmá. Nígbà yẹn réluwéè ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, mo máa ń wọ̀ ọ́ ní Moníyà, mo máa bọ́ọ́lẹ̀ ní Ládèrin, mo máa wọkọ̀ lọ sọ́jà lọ ra aṣọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo mú ọ̀kan nínú aṣọ tó bà jẹ́ yẹn dání, mo fẹ́ fi wéra pẹ̀lú tiwọn ni. Màmá àgbàlagbà kan jókòó síwájú ìsọ̀, á tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Kò tíì kí mi tán tó fi na ọwọ́ gba aṣọ yẹn. Ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Ó gbóòórùn ẹ̀. Ó wá fi itọ́ ra àtàǹpàkò, ó fi nu aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó na àtàǹpàkò yẹn sí mi. Búlúù.

"Nígbà tó o ki aṣọ yìí bọnú omi," Màmá ní, "àwọ̀ wo lomi yẹn ní?"

"Búlúù ni mà. Búlúù tó dáa gan-an."

"Ó parí."

Mi ò mọ ohun tó parí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n ti rí?" Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní tí mo bá lè wá ní Sátidé kí n wá, kí n wọ aṣọ tí mi ò nífẹ̀ẹ́.

Mo lọ ní Sátidé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, torí mo ti wo ó kéré tán igba fídíò tí mi ò rí i níbẹ̀. Màmá ṣí ìdérí báfù. Omi inú ẹ̀ kì í ṣe búlúù. Ó pọ́n bí ewé tó fẹ́ já bọ́, láàárín àwọ̀ ewé àti àwọ̀ òróró, lójú ẹ̀ lókè awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ń dán bíi bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀. Màmá fi igi ti awọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ki aṣọ bọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ ìkókó, kí atẹ́gùn má bàa bá a wọlé. Nígbà tí wọ́n fà á sókè, àwọ̀ ewé ló ní. Mo ti fẹ́ sọ pé "Háà, ó ti bà jẹ́." Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n máa wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí aṣọ. Ó ń ṣú bọ̀, ó ń ṣú bọ̀, bí ilẹ̀ ṣe máa ń ṣú, àárín ẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé nígbà tí etí ti di búlúù, kí n tó ka ọgọ́rùn-ún méjì gbogbo ẹ̀ ti di aró.

"Afẹ́fẹ́ ló ń pa á láró," Màmá ní. "Omi kàn ń gbé e wọlé ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn tán gbogbo ìṣòro mi. Iṣẹ́ haidirósì ni kó yí dáì padà kó lè yọ́ sínú omi, kó wọ inú òwú lọ, tó bá ti kan atẹ́gùn lóde á padà di búlúù, á há síbẹ̀. Tí omi bá ṣì jẹ́ búlúù, dáì ò tíì yọ́, orí aṣọ ló kàn lẹ̀ mọ́ bí eruku, ọṣẹ á sì kó o lọ. Haidirósì tèmi, nínú ọ̀rá tí wọ́n ti tú sílẹ̀ ni mo ti rà á, mo tún gbé e sílé bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì lásìkò òjò. Ó ti kú. Ṣíbí tí PDF kà ò lè mọ̀ pé ó ti kú, ojú ẹni tó ń wo omi ló lè mọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń kọ ọ́ kiri pé bí omi bá ṣe dúdú tó laṣọ á ṣe dáa tó, mo gbà wọ́n gbọ́, gbogbo ìgbà tí mo bá rí omi búlúù yẹn ni inú mi ń dùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo kọ́stíìkì, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, omi lẹ máa kọ́kọ́ bù, kẹ́ ẹ tó da kọ́stíìkì sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé kọ́stíìkì lórí láéláé, omi gbígbóná ni kí n má tiẹ̀ wí, ó máa ń hó ta síni lójú ni. Ẹ wọ gílọ́ọ̀fù. Fídíò tí mo wò, ọwọ́ lásán lobìnrin yẹn fi ń ṣe é, èmi náà sì fi ọwọ́ lásán ṣe é, àpá ẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́ òsì mi di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bí mo ṣe di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Màmá nìyẹn, Sátidé kan mo lọ, Sátidé kan mi ò lọ. Mo pọn omi kànga, mo fọ báfù, mo so ìko, mo tú ìko, ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó ki aṣọ kankan bọ aró fúnra mi. Mi ò ní parọ́ pé gbogbo ọ̀gá ló dáa. Mo ti kọ́ iṣẹ́ télọ̀ rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oṣù mẹ́fà ni ọ̀gá yẹn fi rán mi ní àkàrà tó sì fi mí tọ́jú ọmọ, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn aṣọ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Pé èèyàn dàgbà tàbí pé ó ní ìsọ̀ ò sọ pé ó fẹ́ kọ́ ẹ níṣẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé Màmá fẹ́ kọ́ mi ni àpò kan.

Àpò ìrẹsì ni, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọjọ́ tí òjò ò jẹ́ ká ṣiṣẹ́ ni wọ́n ní kí n fà á jáde. Mo rò pé aṣọ tó dáa jù ló wà níbẹ̀. Àkísà ni. Ẹ ṣá mọ ohun tí Yorùbá sọ nípa ọmọdé tó láṣọ tó àgbà, èmi ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mi ò rò pé ẹnì kan lè kó àkísà ọ̀hún síwájú mi lójú ayé. Àdìrẹ tó bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge, wọ́n ya ìgbátí kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ pamọ́. Wọ́n ń mú un jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí rí jálajàla torí kọ́stíìkì pọ̀ jù, ó jẹ ẹ́. Èyí ní àmì funfun bí ìka, aṣọ mẹ́jọ ni wọ́n kó sínú báfù tó gba mẹ́ta, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Èyí, ẹ̀kọ tí wọ́n fi ya iṣẹ́ sí i kí aró má bàa débẹ̀ ló ṣí kúrò lára ẹ̀ nínú aró torí wọn ò jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ojú ń kán wọn, ọdún Iléyá ti dé tán. Èyí kò gba aró rárá, wọn ò fọ sítáàṣì tó bá aṣọ wá láti ṣọ́ọ̀bù kúrò. Gbogbo wọn ni wọ́n rántí, ẹni tó ni aṣọ, ohun tónítọ̀hún sọ, iye tí wọ́n dá padà fún un.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo wá ronú sí gbogbo fídíò tí mo ti wò láti 2020. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó fi èyí tó bà jẹ́ hàn mí rí.

Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ àpò tó ti fẹ́ẹ̀ di eruku, ti ìyá Màmá ni. Èlú gidi ni wọ́n fi rẹ ìyẹn. Màmá ní ìyá àwọn ti dàgbà díẹ̀ nígbà ìjà ńlá tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn aláró Abẹ́òkúta àti ààfin, nígbà tí Aláké Adémọ́lá fòfin de kọ́stíìkì àti aró òyìnbó, táwọn aláró ò sì gbà. 1936 ni ìjà yẹn le jù. Àwọn oníbàárà ló ń pariwo nígbà náà pé aṣọ ò lálòpẹ́ mọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún Màmá, kọ́stíìkì kọ́ ló jẹ̀bi tán, àwọn tó kù-gìrì kó o, tí wọn ò jókòó ti ẹnikẹ́ni kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń lò ó, ló ba ọjà jẹ́ mọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Mi ò mọ bóyá gbogbo aláró ìgbà yẹn ló máa gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èmi gbà, torí mo mọ ẹni tó fi aṣọ ba léèsì jẹ́.

Màmá ṣì ní ìkòkò èlú kan lẹ́yìnkùlé, kì í ṣe fún títà, ó kàn wà ni. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́. Ìkòkò méjì ló gbé ara wọn, èyí tó wà lókè ti dálu nídìí, eérú ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ń da omi sí i, omi yẹn ń ro sínú ti ìsàlẹ̀ tó-tó-tó, ó pọ́n bíi tíì. Ewé èlú tí wọ́n ti gún tí wọ́n mọ bí àkàrà tó sì ti gbẹ ni wọ́n ń rẹ sínú omi eérú yẹn. Màmá fi ìka kan omi eérú, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n ní kí n tọ́ ọ wò. (Omi eérú nìyẹn o, kì í ṣe kọ́stíìkì! Ẹ má fi kọ́stíìkì kan ẹnu láyé yín.) Ó ta mí lẹ́nu díẹ̀, ó yọ̀ bí ọṣẹ. Wọ́n ní "Rántí ẹ̀." Bí wọ́n ṣe fún mi ní òṣùwọ̀n nìyẹn.

Mo béèrè pé ọjọ́ mélòó ló máa lò. Mo mú bíírò dání láti kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá ní bí ooru bá mú, ó lè má ju ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lọ, bí òjò bá ń rọ̀ tàbí ọyẹ́ ń fẹ́, ó lè lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà míì sì wà tí kò ní dé rárá, láyé ìyá wọn irú ẹ̀ ni wọ́n máa ń tìtorí ẹ̀ bẹ Ìyá Mọ̀pó, òrìṣà àwọn aláró. Mo ní báwo ni mo ṣe máa wá mọ̀ tó bá dé? Wọ́n ní máa wá síbi ìkòkò yìí láràárọ̀. Èmi tí mò ń gbé Ìbàdàn! Mo gba ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́, mo sùn sọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ kìíní, koríko ló ń rùn. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀ náà. Ọjọ́ kẹta, òórùn yẹn yí padà, ó di bí ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú, ṣùgbọ́n ó dùn díẹ̀ nínú. Ọjọ́ kẹrin, ìfófòó búlúù kó jọ sójú ìkòkò, awọ bàbà yẹn wà lábẹ́ ẹ̀. Mi ò bi Màmá. Mo lọ mú aṣọ wá. Wọ́n wà lórí àga lọ́ọ̀kán, wọ́n rí mi, wọn ò sọ nǹkan kan.

Mi ò bá íntánẹ́ẹ̀tì jà o. Lórí fóònù mi yìí náà ni mo ti fi fídíò aláró kan ní ilẹ̀ Japan han Màmá, bàbá kan tóun náà ń fi omi eérú ṣe aró nínú agbada ńlá. Mo pa ohùn ẹ̀ torí a ò kúkú gbọ́ èdè wọn. Màmá gbé fóònù yẹn súnmọ́ ojú, nígbà tí bàbá yẹn ṣí ìdérí tí ìfófòó rẹ̀ yọ, wọ́n pariwo "Ehn-ehn! Èyí mọ̀ ọ́n!" Wọ́n ní kí n dá a padà sẹ́yìn kí wọ́n tún wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn mo fi fọ́tò tí wọ́n fi polówó kíláàsì WhatsApp mi hàn wọ́n. Wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n ní àwọn máa kọ́ wa níbẹ̀. Mo ní kànpálà alábẹ́là. Wọ́n ní aṣọ yìí kì í ṣe alábẹ́là, ẹlẹ́kọ ni, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya ìlà tín-ín-rín yìí, wò ó bí ẹ̀yìn ẹ̀ tó ká sókè yìí ṣe dúdú, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi ẹ̀kọ sí. Àṣé ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wa ò mọ irú aṣọ tó gbé síta.

Ẹni tó bá jìnnà sí Abẹ́òkúta, Òṣogbo wà. Ibùdó tí Màmá Nike Okundaye, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà, dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1983 ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níṣẹ́ láìgba owó, ìyá-ńlá tó tọ́ Màmá Nike fúnra wọn ló sì fi àdìrẹ lé wọn lọ́wọ́. Tí kò bá sí ìyẹn náà, lọ sí ọjà tó súnmọ́ ẹ, mú èyí tó bà jẹ́ dání, má mú èyí tó dáa. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á na ọwọ́ gbà á kó o tó sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo mú ìgbátí kan dání lára aṣọ ìkómọjáde yẹn. Mo gbé e fún Màmá. Wọ́n ní, "Kí ló ṣe é?" Mo ní haidirósì ti kú, omi ò yí, dáì ò wọlé, mi ò sì fọ sítáàṣì kúrò. Wọ́n ní, "Kí tún ni?" Mo ronú. Mo ní mi ò jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn tó kí n tó tún ki aṣọ yẹn bọnú aró lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní kí n fa àpò yẹn jáde kí n fi sí i.

Torí náà, ẹ̀yin arábìnrin tẹ́ ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí fínígà yẹn dúró sílé ìdáná. Ẹ má tíì ya fọ́tò aṣọ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ aṣọ, kẹ́ ẹ tó ki ohunkóhun bọ̀ ọ́, fọ́tò omi yẹn ni kẹ́ ẹ yà, lójúmọmọ, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Sátidé ni mò ń lọ, màá fi han Màmá.